Port: Ọ̀rọ̀ Kan, Ẹnu Púpọ̀

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣòwò ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló jẹ́ kí n fetí sí ọ̀rọ̀ yìí. A dúró sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà Boulevard de la Marina ní Kútọ̀nú, a kọjú sí géètì èbúté, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan ń já kọjá níwájú wa nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè wọn. Ẹ̀gbọ́n gbé fóònù sétí, ó ní, “Ọkọ̀ ti wọ port láti àná.” Ẹni tó wà lódìkejì sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n fèsì pé, “Nọ́ńbà yẹn náà ni, mo kàn port ẹ̀ ni.” Bó ṣe sọ ọ́ tán, fóònù kú. Ó na okùn ṣájà sí mi: “Àbúrò, bá mi di ibí yìí mú dáadáa. Port ẹ̀ kì í gbaná bí èèyàn ò bá dì í mú.”

Kò tó ìṣẹ́jú méjì, ó ti pe “port” lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì jọra wọn. Àkọ́kọ́ ni ibi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí. Èkejì ni kéèyàn kó nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ fóònù kan lọ sí òmíràn. Ẹ̀kẹta ni ihò tí a ń ki ẹnu ṣájà bọ̀. Ìwé ìrìnnà tó wà lápò rẹ̀, passport, tún ní ọ̀rọ̀ náà nínú. Bẹ́ẹ̀ Kútọ̀nú kì í ṣe ìlú tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì o. Àwọn tó ń ṣọ́ géètì náà ń pè é ní port, ṣùgbọ́n ti Faransé ni tiwọn, tí “t” ìparí rẹ̀ kì í dún, tí etí tiwa fi ń gbọ́ “pọ̀ọ̀”.

Ó yẹ ká tú ọ̀rọ̀ yìí wò, èbúté yìí gan-an ló sì dáa jù láti jókòó tú u, torí kò sí ìtumọ̀ port kan tí kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójúmọ́.

Orúkọ ìlú náà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lédè Fọ̀n, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló para pọ̀ di Kútọ̀nú. Kú ni ikú. Tọ̀ ni odò tàbí ọ̀sà. Nu ni ẹnu, tàbí etí omi. Ẹnu odò ikú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìtàn táwọn èèyàn ń sọ lórí ikú tó wọ inú orúkọ náà ò lóǹkà, n kò sì ní bá wọn dá sí i. Ẹ kàn gbọ́ bí ọ̀rọ̀ Fọ̀n ṣe sún mọ́ tiwa: kú àti ikú, nu àti ẹnu. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ìdajì orúkọ ìlú náà kó tó débẹ̀. Ẹnu yìí ló ṣe pàtàkì sí wa. Odò tó ń ti inú adágún Nokoué bọ̀ gba àárín ìlú kọjá, ibẹ̀ ló ti ń dà sínú òkun. Ibi tí omi kan ti ń bá ẹnu pàdé omi mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n sọ lórúkọ.

Àwọn ará Róòmù ìgbàanì ṣe ohun kan náà. Ìlú tí ọkọ̀ wọn ń gúnlẹ̀ sí, níbi tí odò Tiber ti ń wọ òkun, Ostia ni wọ́n ń pè é. Os lédè Látìnì ni ẹnu. Ostium sì ni ẹnu ọ̀nà ilé. Òun náà ni ẹnu odò. Kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún Yorùbá láti lóye, torí àwa náà ní ẹnu ọ̀nà, a ní ẹnu odò, ẹnu kan náà ni. Nígbà tí yanrìn ń di Ostia, tí ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé dáadáa mọ́, Ọba Claudius bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èbúté tuntun sí tòsí ibẹ̀ ní ọdún 42 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, wọ́n fi òkúta dá apá méjì sínú òkun kí ìgbì má bàa dé inú rẹ̀. Wọn ò wá orúkọ jìnnà: Portus ni wọ́n sọ ọ́. Ìyá port nìyẹn.

Portus ní àbúrò kan nínú Látìnì, porta, tó túmọ̀ sí ibodè ìlú. Àwọn onímọ̀ èdè gbà pé inú ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ ju Látìnì lọ ni àwọn méjèèjì ti jáde, per, tó dá lórí kéèyàn la ibì kan kọjá. Nítorí náà, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ látilẹ̀wá kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe òkúta tí wọ́n fi dá èbúté. Ojú ibi tí a ń gbà kọjá ló ń sọ. Bí ibẹ̀ bá wà létí òkun, portus ni. Bí ó bá wà lára odi ìlú, porta ni.

Ẹ má rò pé Yorùbá ò ronú gba ibẹ̀ náà. Kí là ń pe àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní èbúté Àpápá? Aṣọ́bodè. Ta ló rí odi ìlú ní Àpápá? Ibodè wo ni wọ́n ń ṣọ́? Láyé àtijọ́, ìlú Yorùbá tó bá tó ìlú ló ní odi, ó ní ibodè, oníbodè sì wà níbẹ̀ tó ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kí ó tó gbé ẹrù wọlé. Odi wó, ibodè pa rẹ́, iṣẹ́ oníbodè ò pa rẹ́. Ó ṣí lọ sí etí òkun, ó wọ aṣọ ìjọba, ó sì kó orúkọ rẹ̀ dání lọ. Bákan náà ló rí ní Sèmè, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ ti pààlà: ẹnubodè là ń pè é. Etí omi ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi port bò. Àwa fi bodè bo etí omi àti orí ilẹ̀. Tèmi, mo gbà pé tiwa jinlẹ̀ jù.

Port ti pẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé tó ṣẹ́gun wọn ní ọdún 1066 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá a lára Látìnì. Ìlú Portsmouth tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń kàwé báyìí, ẹnu èbúté ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, ẹnu náà tún rèé. Ṣùgbọ́n per àtijọ́ yẹn ti gba ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú. Ní ẹ̀ka èdè tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ti wá, “p” àtijọ́ máa ń di “f”: pater Látìnì ni father, piscis ni fish. Nípa bẹ́ẹ̀, per di fare, owó ọkọ̀. Ó di ford, ibi tí a ti ń fẹsẹ̀ la odò kọjá. Ó di ferry, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò sọdá. Ará Èkó tó san fare láti wọ ferry lọ sí ẹ̀gbẹ́ port ti pe ọmọ ìyá mẹ́ta láìmọ̀.

Títí di ọdún 1965, Kútọ̀nú ò ní èbúté tí ọkọ̀ òkun lè wọ̀. Etíkun náà tẹ́ lọ gbọọrọ, kò sí kọ̀rọ̀ kan tí ọkọ̀ lè fara pamọ́ sí, ìgbì ńlá kan sì wà tí kì í sinmi, tó máa ń fọ́ yángá nítòsí ilẹ̀. Ọkọ̀ òyìnbó á dúró sọ́nà jíjìn, àwọn atukọ̀ á wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n la ìgbì náà kọjá lọ gbẹ́rù. Ẹrù tó bá rì, ó rì náà nìyẹn. Ìgbà míì, èèyàn ló ń bá a lọ. Ní ọdún 1891, àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ri irin mọ́lẹ̀, wọ́n fà á bí afárá láti orí yanrìn kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kí ọkọ̀ kéékèèké lè máa já ẹrù sórí rẹ̀. Kí ni wọ́n pe nǹkan náà? Wharf. Gẹ̀ẹ́sì ni. Faransé tí kì í fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sétí yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí wọ́n fowó ara wọn kọ́ lórúkọ, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ káàkiri etíkun yìí, ní Lomé àti ní Grand-Bassam. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà Èkó ṣì ń pe agbègbè èbúté Àpápá ní Wáàfù títí dòní.

Ọdún 1959 ni iṣẹ́ èbúté olómi jíjìn bẹ̀rẹ̀ ní Kútọ̀nú. Wọ́n fi òkúta dá apá sínú òkun, bíi ti Claudius gẹ́lẹ́, omi tó wà láàárín sì rọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Dahomey, tí ó pé ọdún márùn-ún géérégé tí wọ́n gba òmìnira. Láti ọjọ́ yẹn ni ìlú tí wọ́n sọ ní ẹnu ti di port.

Ìlú tí wọ́n sì sọ ní port ńkọ́? Porto-Novo ni, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà, kò jìnnà sí Kútọ̀nú rárá. Àjàṣẹ́ ni àwa Yorùbá ń pè é, àwọn Gùn ń pè é ní Hogbonu. Àwọn Pọtogí tó ń ra ẹrú níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1750 sí 1800 ló fún un ní Porto-Novo, èbúté tuntun. Ọ̀sà ló wà níwájú Àjàṣẹ́, kì í ṣe òkun. Ọkọ̀ òkun ńlá kì í gúnlẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ tí oníṣòwò fún ọjà rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ìlú náà lára. Ní Togo, Porto-Seguro ni wọ́n ń pe Agbodrafo, ìyẹn èbúté ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọkàn ta ló balẹ̀ níbẹ̀, mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Port Harcourt jẹ́ tìjọba Gẹ̀ẹ́sì: ní ọdún 1913, wọ́n fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí nígbà náà, sọ ọ́. Àwọn ará ibẹ̀ gé e mọ́lẹ̀ di Pitakwa.

Orúkọ àwọn Pọtogí fúnra wọn, èbúté ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́nu odò Douro ní àríwá ilẹ̀ wọn, ìlú kan wà tí àwọn ará Róòmù ń pè ní Portus Cale, èbúté Cale. Ibẹ̀ ni Portugal ti wá. Ìlú náà ni Porto òde òní, òun náà ló sì bí wáìnì dídùn tó lágbára tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní port. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń jà lemọ́lemọ́, wáìnì Faransé wọ́n gógó ní London. Ní ọdún 1703, Gẹ̀ẹ́sì bá Pọtogí ṣe àdéhùn òwò, wáìnì Pọtogí sì wá dínwó. Ẹnu odò Douro ni wọ́n ti ń dì í sínú ọkọ̀, wọ́n wá fi orúkọ èbúté pe ọtí. Ẹni tó bá ń ṣe fáàrí pẹ̀lú port lórí tábìlì, èbúté ló ń mu.

Ìtumọ̀ tó ń da ọmọ ilẹ̀ láàmú jù ni ti òsì.

Ọkọ̀ òkun tó bá ń bọ̀ ní Kútọ̀nú kì í dá wọlé. Ọkọ̀ kékeré kan ló máa ń gbé atọ́nà èbúté lọ pàdé rẹ̀ lójú omi, ẹni tó mọ ibi tó jìn àti ibi tí kò jìn dunjú. Yóò gun àkàsọ̀ onókùn lọ sókè, yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú. Ẹni yẹn lè jẹ́ ará Philippines, ọ̀gá ọkọ̀ lè jẹ́ ará Ukraine, atọ́nà jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Èdè wo ni wọn ó sọ? Gẹ̀ẹ́sì ni. Àjọ IMO, tó ń bójú tó ìrìnnà ojú omi lágbàáyé, fọwọ́ sí àkójọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì fún irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2001. Bí atọ́nà bá fẹ́ kí ọkọ̀ yà sí òsì díẹ̀, yóò ní, “Port ten.” Ìyẹn ni kí wọ́n yí ìtọ́kọ̀ sí òsì ní ìwọ̀n dígírì 10. Ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú á tún un sọ kí ó tó yí i, kí àṣìgbọ́ má baà wà. Lẹ́yìn náà, atọ́nà á gbé rédíò, á bá ọ̀gá rẹ̀ sọ Faransé nípa port, èbúté ló sì ń sọ. Lẹ́nu ẹnì kan náà, láàárín ìṣẹ́jú kan, port ti jẹ́ òsì, ó ti jẹ́ èbúté. Òsì ọkọ̀ lédè Faransé, bâbord ni.

Ibi tí òsì ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, ìtọ́kọ̀ kì í wà láàárín ìdí ọkọ̀ bíi tòde òní. Àjẹ̀ ńlá kan ni, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, torí ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ìtọ́kọ̀ yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní starboard. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, wọn ò jẹ́ gbé ẹ̀gbẹ́ tí àjẹ̀ wà lu ògiri èbúté, yóò dá. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ń gbé kan èbúté, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà kó ẹrù wọlé. Orúkọ tí ẹ̀gbẹ́ òsì ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni larboard, ẹ̀gbẹ́ ìkẹ́rù. Starboard, larboard: ẹ sọ méjèèjì lójú ìjì, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́, kí aṣọ ìgbòkun máa dún gbà-gbà-gbà, kí ẹnìkan sì máa pariwo wọn láti òkè. Ta ló máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Àwọn atukọ̀ ti ń lo port fún òsì tipẹ́, ẹ̀gbẹ́ tó ń kọjú sí èbúté. Ní ọdún 1844, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún gbogbo ọkọ̀ ogun ojú omi rẹ̀ pé kí wọ́n pa larboard tì, port ni kí wọ́n máa wí. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1846.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ òkun fi ń júwe èbúté.

Ọ̀rọ̀ òsì yìí tilẹ̀ fẹ́ di gbọ́nmi-si-omi-ò-to nígbà kan. Títí di àwọn ọdún 1930, bí wọ́n bá pàṣẹ lórí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé “starboard”, ọ̀pá tó ń darí ìtọ́kọ̀ láyé àtijọ́ ni àṣẹ náà ń bá wí, ọ̀pá yẹn sì máa ń lọ sí òdìkejì ibi tí ọkọ̀ ń yà sí. Lálẹ́ tí Titanic kọ lu òkè yìnyín ní 1912, àṣẹ tí wọ́n pa ni “hard-a-starboard”, ọkọ̀ sì yà sí òsì. Kò sẹ́ni tó ṣàṣìgbọ́. Bí àṣẹ ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣòfin pé apá tí àṣẹ bá dárúkọ ni kí ọkọ̀ yà sí.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí port yìí, ẹ lọ sí etíkun Fidjrossè ní ìwọ̀ oòrùn ìlú lálẹ́. Òfin ni kí ọkọ̀ òkun tan iná pupa sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ó tan ti àwọ̀ ewé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá rí pupa nìkan, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ló kọ sí yín. Bí ẹ bá rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí pupa wà lápá ọ̀tún yín, ọkọ̀ náà dojú kọ yín tààrà ni.

Port tó kàn wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì mìíràn, portare, kéèyàn gbé nǹkan. Ọmọ per ni òun náà, ìyẹn kéèyàn gbé nǹkan la ibì kan kọjá. Faransé ṣì ń lò ó ní tààrà: porter ni gbé, porte ni ìlẹ̀kùn, port ni èbúté, ọmọ Kútọ̀nú sì lè pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú gbólóhùn kan bí ó bá ń gbé àpótí gba ẹnu ọ̀nà lọ sí èbúté. Lára portare ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí import, gbé wọlé. Export, gbé jáde. Transport, gbé sọdá. Portable, ohun tó ṣeé gbé. Nọ́ńbà tí ẹ̀gbọ́n wa “port” wà nínú ẹbí yìí. Ọdún 2013 ni àjọ NCC, tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, gbà káwọn ará Nàìjíríà máa kó nọ́ńbà wọn lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó bá wù wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì ìwé ń pè é ní portability, àwa gé e kúrú. Kò kan èbúté rárá.

Porter ló máa ń rú èèyàn lójú. Ẹ bi ẹni tó gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan rí ní Nàìjíríà wò: ṣé porter ń bá èèyàn gbé ẹrù? Kí lẹ wí! Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ìwé ló ń kọ orúkọ yín sí, òun ló sì máa ní kí àlejò bọ́ síta bílẹ̀ bá ṣú. Ní ibùdókọ̀ ojú irin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, porter ló ń gbé ẹrù. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, ìrísí ló bá ara mu. Tilé akẹ́kọ̀ọ́ wá láti porta, oníbodè ni. Ti ibùdókọ̀ wá láti portare, aláàárù ni. Àwọn aláàárù London láyé àtijọ́ fẹ́ràn ọtí bíà dúdú kan, wọ́n wá fi orúkọ wọn pè é ní porter, èyí tó le nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní stout porter. Stout nìkan ló kù lẹ́nu wa báyìí. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé stout méjì wá, oúnjẹ ọ̀sán aláàárù ló ń béèrè.

Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní import, ọ̀rọ̀ tí Yorùbá mú wá síbẹ̀ wú mi lórí jù. Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ kí ó tó di ti ọkọ̀: ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé. A wá wo ọkọ̀ tí òyìnbó ti lò, tí ó ti inú òkun bọ̀ sí Kútọ̀nú, a sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọmọ lórúkọ. Import ò sọ ibi tí nǹkan ti wá. Tòkunbọ̀ sọ ọ́. Nàìjíríà ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2017. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ẹnubodè pátápátá fún ẹrù, ó di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí ó tó tún ṣí Sèmè. Ẹrù ò tìtorí ẹ̀ dúró tán. Ọ̀rọ̀ mìíràn gbapò import: fàyàwọ́. Ẹni tó fi àyà wọ́lẹ̀ bí ejò gba inú igbó kọjá kí oníbodè má rí i, ọ̀rọ̀ náà ti sọ ìtàn rẹ̀ tán.

Nípa passport, Faransé ló ti wá: passer, kọjá, àti port. Ìwé tó gba èèyàn láyè láti la èbúté kọjá ni. Ìdá ńlá nínú àwọn tó ń lò ó ní Sèmè báyìí ò rí òkun ju ojú fèrèsé ọkọ̀ lọ.

Opportunity náà wà nínú ẹbí yìí, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Àwọn atukọ̀ Róòmù ń pe afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lọ sí apá èbúté ní ob portum, sí ìhà èbúté. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni opportunus, èyí tó dé lásìkò. Àwọn atukọ̀ ọlọ́pọ́n Kútọ̀nú tí ń dúró de ìgbà tí ìgbì máa rọlẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó já wọlé ì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé ju ẹni tó ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ.

Ó ku ihò fóònù. Láti inú porta ni èyí ti wá, ibodè. Lára ọkọ̀ ogun àtijọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí ẹnu ìbọn ńlá lè yọ síta, port ni wọ́n ń pè é, òun ló bí porthole, fèrèsé róbótó ara ọkọ̀. Àwọn ẹlẹ́ńjìnnì yá a fún ihò tí oru tàbí epo ń gbà wọ ẹ̀rọ. Àwọn oníkọ̀ǹpútà yá a lọ́wọ́ wọn. Iná tó ń wọ fóònù ẹ̀gbọ́n gba ẹnu ibodè ni. Port mìíràn tún wà nínú kọ̀ǹpútà tí a ò lè fojú rí, nọ́ńbà lásán ni, láti 0 dé 65,535. Ìròyìn tó bá dé láti íntánẹ́ẹ̀tì ní nọ́ńbà ibodè tó ń kàn lára. Àwọn ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ààbò, 443 ni wọ́n máa ń kàn. Ètò tó ń ṣọ́ àwọn ibodè yìí, tó ń wo èyí tó yẹ kó wọlé àti èyí tí kò yẹ, iṣẹ́ aṣọ́bodè ló ń ṣe. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe Yorùbá kọ̀ǹpútà, kí ó jọ̀ọ́, kí ó má pe èyí ní èbúté. Mo ti rí i níbì kan, ó sì burú létí. Ibodè ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn wa máa ṣe. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní Kútọ̀nú, èbúté ni ó gúnlẹ̀ sí. Bí wọ́n bá dá ẹrù dúró ní Sèmè, ẹnubodè ni. Ẹni tó gbé e lórí, aláàárù. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ọ̀rọ̀ kan bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Àwa ò ní ìdí láti fi pọ́ọ̀tù bo tiwa.

Iṣẹ́ kan wà tí èbúté Kútọ̀nú kì í bọ́ nínú rẹ̀. Ìṣàn omi òkun ń gbé yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lójoojúmọ́. Apá òkúta tí wọ́n nà sínú òkun ti dínà mọ́ ọn, yanrìn wá ń jọ sí ìwọ̀ oòrùn, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ àwọn tó ń gbé ìlà oòrùn, títí tó fi kó ọ̀pọ̀ ilé lọ ní apá Akpakpa. Yanrìn tó bá rọ́nà yí orí òkúta ká ń wọ ẹnu èbúté, ọkọ̀ akóyanrìn ló ń kó o jáde kí ọkọ̀ ńlá má baà fìdí kanlẹ̀. Ostia náà ni, ẹgbàá ọdún lẹ́yìn.

A gbé fóònù ẹ̀gbọ́n lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà Dantokpa. Ó tan iná sí ihò náà, ó wò ó fínnífínní, ó ní port rẹ̀ ò bàjẹ́, yanrìn ló dí i. Abẹ́rẹ́ ló fi kó o jáde. 500 sẹ́fà ló gbà.